Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Ọ̀rọ̀ Mú? Ọkùnrin, Obìnrin àti Ìkànnì Ayélujára ní Ìbàràpá

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun fòfin de Twitter jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí. Òru ọjọ́ kejì ni àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngán ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́, ènìyàn tó ju mẹ́wàá lọ ti kú, iná sì ti jó ààfin ọba, ilé epo àti ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó àti Àbújá ṣe ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú tí wọn yóò fi padà sórí Twitter, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Igbó-Ọrà, Èrúwà àti Ayétẹ̀ ń fi fóònù wá ẹni tó yè kàn. Òfin ìjọba kò dí ọ̀nà tiwọn. WhatsApp, Facebook àti ìpè lásán ni ọ̀rọ̀ ń gbà ní Ìbàràpá.

Ẹni tó bá fetí sí ohun tó ń lọ lórí fóònù ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ oríṣi ọ̀rọ̀ méjì. Èkíní ni fídíò, àríyànjiyàn, ẹ̀sùn àti ìhàlẹ̀, tí a ń gbé síta kí gbogbo ayé lè rí i. Èkejì ni ìbéèrè tí a kò fẹ́ kí ayé gbọ́: ta ló ti délé, ta ni a kò tíì rí, ọ̀nà wo ni àwọn ọmọ gbà? Kì í pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé ti ọkùnrin ni èkíní, ti obìnrin ni èkejì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí a ń sọ láìronú. A ń sọ ọ́ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà ní ọdún 2006. A ń sọ ọ́ nípa àwọn ti Politẹ́kíníìkì Adéṣeun Ògúndóyìn ní Èrúwà àti àwọn ti Kọ́lẹ́jì Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ ní Láńlátẹ̀. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù, òṣèlú àti owó kíákíá ni ọkùnrin ń wá lọ sórí ayélujára. Wọ́n ní ọ̀rẹ́, àwòrán àti ẹni tí yóò ra ọjà ni obìnrin ń wá lọ. Wọn a sì fi kún un pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá wọn. Ohun tí ojú rí lè jẹ́ òtítọ́, kí ìdí tí a fún un sì má rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Igbó-Ọrà gan-an ni ìlú tó yẹ kí a ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí ìlú ìbejì ni. Ìwádìí tí Patrick Nylander ṣe láàárín ọdún 1972 sí 1982 fi hàn pé ìbejì tí a ń bí ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà tó 45 sí 50 nínú ìbímọ 1,000. Kò sì sí ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nípa èyí tó Igbó-Ọrà, tí ó bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ìbejì ní ọdún 2018. Nígbà mìíràn, akọ àti abo ni àwọn méjèèjì. Inú kan náà ni wọ́n ti wá, ọjọ́ kan náà ni a bí wọn, ìkòkò ọbẹ̀ ìlasa kan náà ni a ti bù fún wọn. Bí wọ́n bá pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, tí a ra fóònù kan náà fún àwọn méjèèjì, Táyé tó jẹ́ ọkùnrin yóò gbé tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rẹ́ tó ní jẹnẹrétọ̀, yóò ki í bọ iná, yóò sì jókòó síbẹ̀ títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Bí Kẹ́hìndé bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta yóò ti máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàtọ̀ tí a ń wá kiri nínú ọpọlọ wọn ti wà lójú ọ̀nà kí wọ́n tó tan fóònù rárá.

Bí a bá tẹ̀ lé ìtàn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn ní Ìbàràpá láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, a óò rí i pé ohun méjì ló ń pín ọkùnrin àti obìnrin níyà: ibi tí ohun èlò náà wà, àti ojú ta ni ó ń ṣọ́ ẹni tó ń lò ó. Nígbàkúùgbà tí ohun èlò náà bá ṣí kúrò níbi tó wà, ìwà àwọn tó ń lò ó a máa yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ẹ̀rọ kankan tó dé, lẹ́tà ni. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó tàbí ní Gánà, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé, yóò ránṣẹ́ pe ọmọ ilé ìwé kan ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà yóò jókòó sórí àpótí, ìyá yóò máa sọ̀rọ̀, ọmọ yóò máa kọ ọ́. Ọmọkùnrin ni ọmọ náà sábà máa ń jẹ́, nítorí àwọn ni a ń rán lọ sí ilé ìwé jù nígbà náà. Bí èsì bá dé, ọmọ kan náà ni yóò kà á. Nípa bẹ́ẹ̀, àṣírí obìnrin ní láti gba etí àti ọwọ́ ọkùnrin kọjá kí ó tó dé ibi tó ń lọ. Ìyá kò lè fi sínú lẹ́tà ohun tí ojú ń tì í láti sọ létí ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Kò lè sọ pé bàbá ọmọ kò fún òun lówó oúnjẹ, nítorí bàbá ọmọ náà lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni tó ń kọ̀wé. Ohun tó máa ń kù kò ju pé a kí ọ, ara wa le, Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́. Ẹni tó bá ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lónìí lè rò pé obìnrin ìgbà náà kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló kọ́kọ́ mi ọ̀ràn yìí. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ ṣí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ọmọ. Ọmọbìnrin tí ìbá wà ní oko ẹ̀gúsí tàbí nídìí láfún tí a sá sóòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Láti ìgbà náà ni ìyá tí kò mọ̀wé ti lè fi lẹ́tà rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́. Àwọn òpìtàn máa ń ka iye ilé ìwé tí a kọ́ àti iye olùkọ́ tí a gbà. Àwọn lẹ́tà tí ìyá tún wá lè sọ sínú wọn, kò sí ẹni tó kà wọ́n.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí tí ó yẹ kí àwọn ará Ìbàràpá máa fi yangàn ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Láńlátẹ̀ ni a gbé ibùdó sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà kalẹ̀ sí. Àwo ńlá tó dojú kọ ọ̀run ní ilẹ̀ Ìbàràpá ni ìpè láti Nàìjíríà sí òkè òkun ń gbà kọjá. Ohùn mínísítà, ti oníṣòwò àti ti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ń fò lórí oko gbágùúdá, bẹ́ẹ̀ ìyá tó ń wa gbágùúdá náà kò lè pe ọmọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí i. Nígbà tí a dá NITEL sílẹ̀ ní ọdún 1985, nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọ́fíìsì ni fóònù wà, ilé àwọn ènìyàn ńlá ni ó wà, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ni ọ́fíìsì àti ilé ńlá.

Èyí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Nígbà tí fóònù ṣì jẹ́ ọmọ tuntun ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ni ín gbà pé nítorí iṣẹ́ ajé ọkùnrin ni àwọn ṣe é. Ìtàkùrọ̀sọ obìnrin lórí rẹ̀, ìlòkulò ni wọ́n kà á sí, wọ́n sì gbìyànjú láti dín in kù. Ó tó ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó yé wọn pé ìtàkùrọ̀sọ náà gan-an ni owó.

Ní Nàìjíríà, obìnrin kò dúró de ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìlà fún gbogbo ènìyàn. Kí wọ́n tó dé, ìlà NITEL tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kò ju bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, láàárín ènìyàn tó ti ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ìlà tuntun náà wọ́n. Owó rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ tó 20,000 náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jùlọ ní ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 7,500. Ìpè ìṣẹ́jú kan tó 50 náírà. Ẹni tí kò lè ra fóònù ní láti yá ti ẹlòmíràn lò, ibẹ̀ sì ni òwò abẹ́ agboòrùn ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tó dàgbà ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn tí kò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí: tábìlì kékeré kan, àga oníke méjì, agboòrùn aláwọ̀ ìyeyè tàbí aláwọ̀ ewé, fóònù Nokia kan tí a ti fi rọ́bà so bátìrì rẹ̀ mọ́ ọn, àti páálí tí a kọ iye owó ìpè sí. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀: ọmọbìnrin tó ń dúró de èsì JAMB, ìyàwó ilé tó ti ta ata tẹ́lẹ̀, opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ dáwó ra ìlà fún. Oníbàárà yóò sọ nọ́ńbà, obìnrin náà yóò tẹ̀ ẹ́, yóò fi fóònù lé e lọ́wọ́, yóò sì máa wo aago. Ẹni tó ń pe ọ̀gá rẹ̀ ní Èkó yóò máa pariwo bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni ohùn náà yóò fi rìn dé ọ̀hún. Gbogbo rẹ̀ ni obìnrin abẹ́ agboòrùn ń gbọ́. Ó mọ ẹni tó jẹ gbèsè, ó mọ ẹni tó ní ìyàwó kejì ní Ṣàgámù, ó mọ ọmọ tí kò ránṣẹ́ sílé mọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ayé lẹ́tà, ọwọ́ obìnrin ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ló sì ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí Glo dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, tó ń gba owó ní ìṣẹ́jú-àáyá, òwò náà tún gbòòrò sí i, títí tí fóònù fi pọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn tí kò sì sí ẹni tó nílò láti yá ti ẹlòmíràn mọ́.

Ní àkókò kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì ń bọ̀ láti ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà náà kò sì dára fún obìnrin. Inú kafé ló wà. Owó wákàtí kan wọ́n ní ọ̀sán, nítorí náà àwọn tó ni kafé ṣètò ẹ̀dínwó fún òru: a ó san owó kan, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó sì wà nídìí kọ̀ǹpútà di ìdájí. Láàárín ọdún 2000 sí 2008, inú irú òru bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ti kọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn kan kọ́ bí a ti ń ṣe wẹ́ẹ̀bù. Àwọn kan kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀tàn gba owó òyìnbó, wọ́n sì ń pe ara wọn ní ọmọ Yahoo. Ìyá wo ni yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin sun irú ibẹ̀? Ohun tí a ń pè ní ẹ̀bùn ọkùnrin fún kọ̀ǹpútà kò ju pé a jẹ́ kí ó jáde lóru. Ẹni tó bá bínú sí ìwà ọmọ Yahoo kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ilé kan náà ni àwọn tó wá di onímọ̀ ẹ̀rọ ti jáde, obìnrin sì pàdánù ẹ̀kọ́ rere náà pọ̀ mọ́ búburú tí a fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin tí ìjọba ṣe ní ọdún 2006 lórí jìbìtì fi dandan lé e fún àwọn onílé kafé láti forúkọ sílẹ̀. Ó bọ́ sí àkókò tí modẹ́ẹ̀mù àti fóònù ti ń múra láti pa kafé fúnra rẹ̀.

Ọ̀sán ni ọmọbìnrin wọ kafé, káàdì èsì WAEC tàbí ti JAMB ló sì gbé e wọlé. Nígbà tí àwọn àjọ ìdánwò gbé ìforúkọsílẹ̀ àti èsì lọ sórí ayélujára, kò sí bí kò ṣe ní dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú kafé ló ń bi í ní ìbéèrè, ló ń tẹ orúkọ rẹ̀, ló ń ṣí ímeèlì fún un, òun náà ló sì ń yan ọ̀rọ̀ aṣínà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló ní ímeèlì tí kò lè ṣí láé, nítorí orí páálí kan ní kafé ni a kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sí. Ọmọ tó jókòó sórí àpótí tó ń kọ lẹ́tà fún ìyá àgbà ti padà dé, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló jókòó sí lọ́tẹ̀ yìí.

Facebook ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006. Ní Nàìjíríà, ó tó ọdún mélòó kan kí fóònù olówó pọ́ọ́kú tó gbé e dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Kí ó tó fìdí múlẹ̀, 2go láti Gúúsù Áfíríkà ti gba ọkàn àwọn ọmọ ilé ìwé. Orí fóònù kékeré ni 2go ń ṣiṣẹ́, kì í jẹ dátà púpọ̀, kò sì béèrè orúkọ gidi. Ọmọbìnrin lè jẹ́ ẹnikẹ́ni tó wù ú níbẹ̀. Ọmọkùnrin náà lè sọ ara rẹ̀ di obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn sì ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn fún yẹ̀yẹ́, àwọn mìíràn fún káàdì ìpè tí wọn yóò fi ẹnu dídùn gbà. Facebook ní tirẹ̀ béèrè orúkọ àti ojú. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lórí Facebook, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọmọbìnrin ń wò kí ó tó sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ẹlòmíràn fi òdòdó sí ibi tí àwòrán ojú yẹ kí ó wà. Ẹlòmíràn fi orúkọ oríkì rẹ̀ nìkan, ó fi orúkọ bàbá pamọ́. Ẹ̀rù tí ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i ní ọdún 2012, nígbà tí ìròyìn gba gbogbo Nàìjíríà kan pé àwọn ọkùnrin tí ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan bá pàdé lórí ayélujára tàn án wá sí Èkó, wọ́n sì pa á. Láti ìgbà náà, ìkìlọ̀ tí a ń fún ọmọbìnrin tó ń lọ sí kọ́lẹ́jì ti ní Facebook nínú. Ìkìlọ̀ tí a ń fún ọmọkùnrin kò ní in.

Ọ̀rọ̀ orúkọ àti ojú yìí ló so Ìbàràpá pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Lárúbáwá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣálẹ̀ Sàhárà wà láàárín wọn. Ọdún 2011 ni àwọn ọ̀dọ́ Tùnísíà àti Íjíbítì fi ìkànnì ayélujára pe ara wọn jáde, tí wọ́n sì lé olórí wọn kúrò lórí oyè. Ní ọdún kan náà, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Dubai fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan péré nínú mẹ́ta àwọn tó ń lo Facebook ní ilẹ̀ Lárúbáwá ni obìnrin, nígbà tí wọ́n tó ìdajì ní àpapọ̀ ayé. Kò sí ẹni tó lè di ẹ̀bi èyí ru àìmọ̀wé. Ní Kùwétì àti Qatar, ọmọbìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Àṣà àti ohun tí àwùjọ yóò sọ ni ìwádìí náà tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìdènà tó ga jù. Orúkọ ọmọbìnrin níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni, ti gbogbo agbo ilé ni. Nítorí náà ni ìyàlẹ́nu fi bá ayé nígbà tí Manal al-Sharif, obìnrin kan ní Saudi Arabia, gbé fídíò ara rẹ̀ síta ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, tó wà nídìí ọkọ̀, tó ń wà á, ní ilẹ̀ tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ ti wa ọkọ̀. Wọ́n tì í mọ́lé. Ọdún 2018 ni ìjọba ilẹ̀ náà tó fàyè gba obìnrin láti wa ọkọ̀. Ojú tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi pamọ́ ni ó gbé síta, ojú náà sì ni ẹ̀rí tí ó mú.

Àwọn kan yóò fẹ́ sọ pé ọ̀ràn ẹ̀sìn ni èyí. Ní Igbó-Ọrà, agbo ilé kan náà ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń gbé, ìkìlọ̀ kan náà sì ni ìyá ẹ̀sìn méjèèjì ń fún ọmọ wọn obìnrin. Ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ọmọ ta ni ọ́, ìlú tí fọ́tò kan lè ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àna kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, ìlú bẹ́ẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀ lórí ojú obìnrin, mọ́ṣáláṣí ibáà wà níbẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó ra fóònù náà tún jẹ́ ọ̀ràn ọ̀tọ̀. Fóònù tí ọkọ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin rà, ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Yóò fẹ́ mọ ẹni tó pè, yóò sì fẹ́ kí a ṣí i fún òun. Àjọ GSMA, tó ń ṣe ìwádìí lórí fóònù kárí ayé, ti ń kọ ọ́ lọ́dọọdún pé ní Áfíríkà ní ìsàlẹ̀ Sàhárà, àlàfo tó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin nínú lílo íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Àìlówó àti àìmọ̀wé ló wà lókè nínú ìdí tí wọ́n kà sílẹ̀. Ní àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́jì, tí wọ́n mọ̀wé tí wọ́n sì ní fóònù, àlàfo náà kì í ṣe ti ẹni tó wọlé àti ẹni tí kò wọlé mọ́. Yàrá tí kálukú jókòó sí lẹ́yìn tó wọlé ni ìyàtọ̀ wà.

Inú yàrá títì ni obìnrin jókòó sí, WhatsApp sì ni yàrá náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, WhatsApp fi àǹfààní ohùn kún iṣẹ́ rẹ̀: a ó tẹ nǹkan kan, a ó sọ̀rọ̀, a ó sì fi ohùn náà ránṣẹ́. Kò sí ìwé ìròyìn tó gbé e sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Síbẹ̀, fún ìyá aláàjọ àti ìyá tó ń ta ẹ̀gúsí, ó tóbi ju gbogbo ohun tí a ti sọ ṣáájú lọ. Ìyá tí kò mọ̀wé wá lè fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ ní èdè rẹ̀, kí ọmọ gbọ́ ẹkún inú rẹ̀ àti ẹ̀rín inú rẹ̀, láìsí pé ọmọ ilé ìwé kankan jókòó sórí àpótí. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní kọ́lẹ́jì ń lo irinṣẹ́ kan náà fún òwò: aṣọ, bàtà, irun àti gààrì lórí Status, ìdánimọ̀ oníbàárà nípa ẹni tó mọ ẹni, owó tí a san kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. A máa ń fi ojú eré wo èyí, a sì ń pè é ní fífi àkókò ṣòfò. Ìlànà ọjà àwọn ìyá wọn ni, ìlànà tí a fi ń mọ ẹni tí a lè tà ní àwìn fún, tí a kàn gbé wọ inú fóònù.

Ìta gbangba ni ọkùnrin jókòó sí. Nairaland, tí Ṣeun Ọ̀ṣéwá dá sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2005, ni ilé ẹ̀kọ́ àríyànjiyàn fún ọ̀pọ̀ wọn, kí wọ́n tó kó lọ sí Facebook. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, nígbà tí Sunday Ìgbòho lọ sí Ìgàngán láti lé àwọn tí ó fẹ̀sùn ìjínigbé kàn, fídíò ìrìn náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ ìlú kékeré kan di ọ̀rọ̀ gbogbo Nàìjíríà. Èrò tó yí i ká nínú fídíò wọ̀nyẹn, ọ̀dọ́kùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí obìnrin Ìbàràpá rí nínú wàhálà náà, ọ̀nà oko tí wọn kò lè gbà mọ́, ọjà tí wọ́n sá kúrò nínú rẹ̀, èyí kò dé etí ayé tó bẹ́ẹ̀, nítorí yàrá títì ni a ti sọ ọ́. Yàrá títì náà sì ní ìdí. Obìnrin tó bá sọ̀rọ̀ òṣèlú ní gbangba lórí Facebook, ara rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fèsì sí kí wọ́n tó kan ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹyin lohùn, ti obìnrin tún ń fọ́ sára rẹ̀.

Bí ìta bá wá di ibi tí ó lè dúró sí, ó mọ ohun tí yóò ṣe níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan dá Feminist Coalition sílẹ̀. Nígbà tí ìwọ́de EndSARS bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, àwọn ni wọ́n gba ọrẹ lórí Twitter, tó ju mílíọ̀nù 147 náírà lọ, wọ́n fi bọ́ àwọn tó ń wọ́de, wọ́n fi san owó ilé ìwòsàn àti ti agbẹjọ́rò, wọ́n sì ń kọ ìṣirò rẹ̀ síta kí gbogbo ènìyàn kà á. Nígbà tí báńkì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, wọ́n gba owó ní Bitcoin. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń ṣe àjọ ní Igbó-Ọrà yóò rí i pé iṣẹ́ ìyá aláàjọ ni. Twitter yẹn kan náà ni ìjọba fòfin dè ní oṣù Kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e, tí kò sì dá a padà títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kìíní ọdún 2022.

Agboòrùn ti padà sí ẹ̀bá ọ̀nà báyìí, POS ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí àyípadà owó náírà mú kí owó ṣọ̀wọ́n, tí èrò gba ẹnu ọ̀nà báńkì, abẹ́ agboòrùn yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń wá owó tí wọn yóò fi jẹun. Ọmọbìnrin ló tún pọ̀ níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́jì, fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀rọ lọ́wọ́ òsì, ó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí oníbàárà aṣọ rẹ̀ láàárín ẹni méjì tó ń gba owó. Bàbá àgbàlagbà kan a dé láti oko, a fi káàdì rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kò lè ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ náà. A tẹ̀ síwájú, a wo ọ̀tún, a wo òsì, a sì sọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ sí i létí.